Ọ̀rọ̀ Ojú Bàrómítà: Lámèyítọ́ lórí Fífi Ohun Èlò Sáyẹ́ǹsì Àtijọ́ Ṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́

Àṣamọ̀

Àṣà fífi ohun èlò sáyẹ́ǹsì àtijọ́ ṣe yàrá àlejò lọ́ṣọ̀ọ́ gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, a sì ti ń rí i ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ yìí mú ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò náà, èyí tí í ṣe bàrómítà ògiri ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ka ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ bí a ti ń ka ewì. Èrò wa ni pé ọ̀ṣọ́ kọ́ ló ba irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jẹ́ bí kò ṣe àìbi í léèrè ohunkóhun. A sì wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ olùkọ́.

Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn akẹgbẹ́ wa tó pé jọ síbí lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ló dìde láti sọ̀rọ̀ lórí bàrómítà. A kì í ṣe onímọ̀ físíìsì, a kò sì pe ara wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ sì wà lójú ohun èlò yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà, lámèyítọ́ ní ẹ̀tọ́ láti débẹ̀.

Àwọn wo là ń pè ní ohun èlò sáyẹ́ǹsì àtijọ́? Awò-awọ̀nàjíjìn onídẹ, máíkírósíkóòpù tó ń gbé inú àpótí igi ọ̀gànwó, òṣùwọ̀n alápá méjì tí àwọn apòògùn fi ń wọn egbòogi, kọ́ńpáàsì awakọ̀ ojú omi, àwòrán ayé róbótó tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, àti bàrómítà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní London, Paris àti New York, wọ́n ń ta wọ́n ní gbàǹjo bí wọ́n ti ń ta àwòrán ayàwòrán ńlá. Àwọn tó fẹ́ràn wọn tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983, Scientific Instrument Society ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ náà ń rà wọ́n fún oníbàárà tí kò ní í fi ojú kan inú wọn láé. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ti wọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tàbí méjì, tàbí ọ́fíìsì lọ́yà tó ti rí ṣe, á ti bá awò-awọ̀nàjíjìn pàdé níbẹ̀, tó dúró sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó kọjú sí kọ́tìnì.

Kọ́tìnì yẹn la fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Ọ̀ṣọ́ tí a ń bi léèrè

Fífi ohun ìlò ṣe ọ̀ṣọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti dé yàrá ìyàwó tuntun ní ilẹ̀ Hausa mọ bí wọ́n ti ń to abọ́ tánganran léra títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Àwọn ìyá wa nílẹ̀ Yorùbá náà ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí àwo inú rẹ̀ kì í jáde àfi ọjọ́ Kérésì tàbí ọjọ́ Iléyá. Kò sí ẹni tó lè bú wọn. Ìyàwó tó to abọ́ mọ ohun tí abọ́ ń ṣe. Bí àlejò ogún bá wọlé lọ́sàn-án gangan, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, yóò sì bu oúnjẹ sí i. Abọ́ náà ṣì jẹ́ abọ́.

Èyí tó ṣòro ni ti ohun èlò tí ẹni tó fi í ṣe ọ̀ṣọ́ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà tó kan Yorùbá gan-an. Ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì, ọpọ́n Ifá kan wà tí oníṣòwò tó ń jẹ́ Christoph Weickmann kó mọ́ àwọn nǹkan ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi to àkójọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ jáde ní 1659. Láti Allada, ní ibi tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ni ọpọ́n náà ti wá, àwọn onímọ̀ sì gbà pé òun ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ jù nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tó wà láyé báyìí. Ó ti lé ní 360 ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, a dúpẹ́. Ká ní wọn kò tọ́jú rẹ̀, ikán ì bá ti jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ọpọ́n tí a kò da ìyẹ̀rósùn sí, tí a kò tẹ odù kankan lé, iṣẹ́ ọnà ló kù tó jẹ́. Wọ́n ń wò ó, wọn kò bi í léèrè ohunkóhun.

A kò sọ pé bàrómítà jẹ́ Ifá o. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí a ṣe nítorí ìbéèrè ni àwọn méjèèjì.

Bàrómítà tilẹ̀ sàn ju ọpọ́n Ulm lọ lọ́nà kan, nítorí pé kò pẹ́ rárá tí wọ́n ṣe é kó tó di ẹrù ilé. Ní 1644, Evangelista Torricelli ti ìlú Florence kọ lẹ́tà nípa ọ̀pá dígí kan tí wọ́n rọ mákúrì kún, tí wọ́n sì da ẹnu rẹ̀ dé sínú àwo mákúrì. Mákúrì inú ọ̀pá náà kò dà tán. Ó dúró ní nǹkan bí 76 sẹ̀ǹtímítà, tí í ṣe íǹṣì 30. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí àwo ló ń fi ìwúwo rẹ̀ gbé e dúró. Bí ìwúwo afẹ́fẹ́ bá dín, mákúrì á wálẹ̀. Bó bá pọ̀ sí i, á gòkè. Nínú ìwé Micrographia tó jáde ní 1665, Robert Hooke ṣe àlàyé bí a ṣe lè fi okùn so ohun tó léfòó lórí mákúrì mọ́ abẹ́rẹ́ tó ń yí lójú róbótó bí ti aago, kí ìyípadà kékeré lè hàn sí ojú lásán. Ojú róbótó yẹn ló fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kíkọ.

Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, àwọn aláago ńlá London ti ń ṣe bàrómítà fún ọlọ́lá. Thomas Tompion ṣe é fún ọba William Kẹta. Daniel Quare gba ìwé àṣẹ ní 1695 fún èyí tó ṣeé gbé kiri láìjẹ́ pé mákúrì dà. Nígbà tó di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti agbègbè adágún Como ní ilẹ̀ Ítálì ti ṣí wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń ṣe èyí tó dà bíi gìtá ọlọ́rùn gígùn, tí ilé àwọn tó rí jájẹ kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Ní 1844, Lucien Vidi ní ilẹ̀ Faransé wá ṣe irú èyí tí kò ní mákúrì rárá. Àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ òde á sì máa tẹ̀ ẹ́ wọnú.

Ìdí tí a fi ń ka ìtàn yìí ni pé a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ilé kì í ṣe ibi tó yẹ ohun èlò sáyẹ́ǹsì, pé mùsíọ́ọ̀mù ló yẹ ẹ́. A kò fara mọ́ ọn. Ẹwà wà lára bàrómítà láti ìbẹ̀rẹ̀. Igi rẹ̀ ń dán, idẹ rẹ̀ ń kọ mànà. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, kí baálé ilé tó jáde, á fi ìka kan dígí rẹ̀ tọ́ọ́, á wo ibi tí abẹ́rẹ́ fẹ́ yí sí, á sì pinnu bóyá kí òun mú agbòòrùn. Ọ̀ṣọ́ tí a ń bi léèrè lójoojúmọ́ ni.

Kíka ojú bàrómítà bí ewì

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀. Lójú bàrómítà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 28, ó parí sí 31. Íǹṣì mákúrì ni wọ́n ń kà. Ní 28, wọ́n kọ Ìjì. Ní 28.5, Òjò Púpọ̀. Ní 29, Òjò. Ní 29.5, Ìyípadà. Ní 30, Ojú Ọjọ́ Dára. Ní 30.5, Ó Dára Kalẹ̀. Ní 31, Ọ̀gbẹlẹ̀ Gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, àwa la túmọ̀ rẹ̀ báyìí.

Gbólóhùn méje péré ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti bi ewì ni kí a bi í. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ibo ló wà tó ti ń sọ ọ́? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kórìíra òjò. Ẹ wò ó dáadáa: òjò wà lápá òsì pẹ̀lú ìjì, “dára” sì wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀gbẹlẹ̀. Bí a bá ti ń kúrò lọ́dọ̀ òjò la ń súnmọ́ ohun tó dára, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé inú ọ̀gbẹlẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù kankan. Ẹni tó ń gbé ibi tí òjò ti ń rọ̀ ní gbogbo oṣù ọdún ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi í han àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo ní oṣù kẹrin, tí òjò sì dá dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí ni “ojú ọjọ́ dára” lójú tirẹ̀? Nínú èdè Yorùbá, a máa ń gbàdúrà pé kí òjò ìbùkún rọ̀. Àwọn ará Zaria àti Kano ń ṣe àkànṣe àdúrà ròkun-òjò nígbà tí òjò bá pẹ́. Bàrómítà yìí kò mọ̀ pé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ wà. Kò sì dárúkọ ọyẹ́ níbì kankan.

Ohun kejì tí a ṣàkíyèsí ni “Ìyípadà” tó wà láàárín. Gbogbo àwọn mẹ́fà yòókù ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Òun nìkan ló ń sọ pé ohun kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó dúró sójú kan kò lè sọ ìyípadà. Lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òtítọ́ jù lọ nínú bàrómítà ni wọ́n kọ síbi tí kò yẹ. Kì í ṣe àwa nìkan la ní irú àròyé yìí. Robert FitzRoy, tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Beagle kó tó di ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní 1854, kìlọ̀ fún àwọn apẹja àti awakọ̀ pé kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ojú bàrómítà sí. Ó ní kí wọ́n máa wo bóyá abẹ́rẹ́ ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn oníṣòwò kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, nítorí pé ó dùn ún wò.

Bàrómítà kan náà, ìlú mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ilẹ̀ wa mu, a sì lè fi ìṣirò kékeré hàn án. Afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́ bí a bá ti ń gòkè. Fún mítà 300 tí a bá fi ga ju etí òkun lọ, mákúrì á wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì kan. Ká mú bàrómítà kan tí wọ́n ṣètò fún etí òkun, ká má tún un ṣètò, ká wá gbé e kiri.

Ní Lagos, á wà láàárín Ìyípadà àti Ojú Ọjọ́ Dára, á fi ẹ̀gbẹ́ ti Dára, níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í jìnnà sí íǹṣì 29.9. Ibẹ̀ ni yóò wà ní oṣù kìíní. Ibẹ̀ náà ni yóò wà ní oṣù kẹfà nígbà tí omi bá ti gba títì, tí àwọn èèyàn ń ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún. Ní Ibadan, tó fi mítà 200 àti díẹ̀ ga ju etí òkun lọ, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ 29. Yóò máa pe òjò ní December, nígbà tí ètè gbogbo ayé ti là. Ní Zaria, níbi tí gíga ilẹ̀ ti tó nǹkan bí mítà 650, abẹ́rẹ́ á ti kọjá Ìjì lápá òsì. Ẹni tó bá gbé e kọ́ síbẹ̀ ti ra ìjì ayérayé sílé. Ní Jos, tó tó mítà 1,200, ó yẹ kó dúró sí nǹkan bí íǹṣì 26, ibẹ̀ kò sì sí lójú rẹ̀ rárá.

Òótọ́ ni pé ìdè kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn irú bàrómítà ti Vidi, tí a lè fi sikirudiráfà yí láti bá gíga ilẹ̀ mu, títí dé ìwọ̀n kan. Ẹni tó ń lò ó mọ ìdè náà. Ẹni tó fi í ṣe ọ̀ṣọ́ kò yí i padà wò rí.

Bí a bá tilẹ̀ yí ìdè náà, ìṣòro mìíràn ṣì wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́rẹ́ lè já ní odidi íǹṣì kan láàárín ọjọ́ méjì bí ìjì bá ń bọ̀ láti orí òkun. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìwúwo afẹ́fẹ́ ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ bí ẹni ń mí: ó ga jù ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀ àti aago 10 alẹ́, ó rẹlẹ̀ jù ní nǹkan bí aago 4 ìdájí àti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá íǹṣì lọ, ojúmọ́ kan kò sì mọ́ kó má wáyé, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti ìjì òjò wa, èyí tó máa ń ti ìhà ìlà oòrùn wá pẹ̀lú ẹ̀fúùfù àti ààrá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù rẹ̀ bá dé, ìwúwo afẹ́fẹ́ a máa fò sókè lójijì. Páànù ń ṣí lórí ilé, abẹ́rẹ́ bàrómítà sì ń rìn lọ sápá Ojú Ọjọ́ Dára.

Gbogbo èyí kò ba bàrómítà jẹ́ lójú wa. Ó jẹ́ ká rí i pé ohun èlò náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lé e lójú ló ń purọ́ níhìn-ín. Abẹ́rẹ́ ń sọ òtítọ́ nípa Zaria, ọ̀rọ̀ ń sọ nípa London. Ìyàtọ̀ láàárín abẹ́rẹ́ àti ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ tí a lè fi bàrómítà kọ́ni, òun gan-an sì ni ẹ̀kọ́ tó ń sọnù bí a bá fi í kọ́ sí ògiri fún ìran wíwò. Àwọn ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á rò pé nǹkan náà ti bàjẹ́, tàbí kí wọ́n rò pé ojú ọjọ́ tiwa ni kò tọ̀nà. Èyí kejì ló burú jù.

Àwọn akójọ, àwọn olùdán, àti àwọn oníyédèrú

Ó yẹ kí a ya ẹni tó ń kó ohun èlò jọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń fi í ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Àkójọ Lewis Evans ni wọ́n fi dá mùsíọ́ọ̀mù ìtàn sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní Oxford. Ó fi í tọrẹ ní 1924. Robert Whipple, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò sáyẹ́ǹsì ní Cambridge, fún yunifásítì ibẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ohun èlò ní 1944, pẹ̀lú ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá a rìn yẹn la fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Whipple mọ̀ pé ohun èlò láìsí ìwé tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, òkú ọ̀rọ̀ ni.

Àwọn olùdán ńkọ́? Gbogbo wa tí a ṣe Boys’ Brigade tàbí ẹgbẹ́ akọrin ológun nílé ẹ̀kọ́ ló mọ Brasso. A fi dán bẹ́líìtì, a fi dán fèrè. Ṣùgbọ́n idẹ ohun èlò àtijọ́ ní fáníìṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára tí ẹni tó ṣe é fi bò ó. Bí a bá fi Brasso nù ún, fáníìṣì náà á lọ, bí a bá sì tẹ̀ síwájú fún ọdún díẹ̀, àwọn ìlà wíwọ́ tí wọ́n fín sí i fún kíkà á tẹ̀ lé e, tòun ti orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn akójọ máa ń sunkún lórí èyí. Ẹwà tí a ń wá ló pa ẹ̀rí. A mọ̀ pé Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti idẹ tí a nù dé eegun kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ayédèrú, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àkójọ Mensing ti ìlú Amsterdam tó ẹ̀kọ́ kọ́. Wọ́n ra àkójọ yìí lọ sí Adler Planetarium ní Chicago, tí wọ́n ṣí ní 1930. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn kan nínú rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Derek de Solla Price, onímọ̀ ìtàn sáyẹ́ǹsì, kọ̀wé lórí irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ ní 1956. Kí ló máa ń tú ayédèrú fó? Kì í ṣe dídán, nítorí pé ó lè dán ju ojúlówó lọ. Kì í sì í ṣe ọnà ara rẹ̀. Ìlà rẹ̀ ni: bí a bá gbìyànjú láti lò ó, kò ní í ṣiṣẹ́. Ẹni tó fín in mọ bí ohun èlò ṣe ń rí, kò mọ ohun tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, bí olùrà náà kò bá mọ ohun tó ń ṣe, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé wọ́n ti tan òun? Oníyédèrú àti ẹni tó ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ti bá ara wọn pàdé láìdá àdéhùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé mákúrì. Bàrómítà mákúrì kì í ṣe ohun tí a ń gbé sùn sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí dígí rẹ̀ bá fọ́, mákúrì á tú ká bí ìlẹ̀kẹ̀, á wọ abẹ́ ẹní, oruku rẹ̀ tí a kò rí ni yóò sì máa pa ará ilé lára. Àdéhùn Minamata ti 2013, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, ti fi òpin sí ṣíṣe àti kíkó irú rẹ̀ tuntun wọ̀lú. Ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní i kò gbọdọ̀ fi ọmọdé ṣeré nídìí rẹ̀.

Ohun tó wà ní stóò wa

Ibi tí gbogbo èyí ti kàn wá nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti pẹ́ nílẹ̀ wa ló ní yàrá ìṣàyẹ̀wò tí wọ́n kó ohun èlò sí láti ìgbà ìjọba amúnisìn tàbí kété lẹ́yìn òmìnira: bàrómítà, òṣùwọ̀n onídẹ nínú àpótí onígíláàsì, máíkírósíkóòpù onídígí kan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ohun ìní wò bá dé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di àlòkù. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí Hausa ń pè ní ’yan bola á dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn, wọ́n á sì wọn idẹ náà ní kílò. A mọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní í dárúkọ, tí wọ́n yọ òṣùwọ̀n onídẹ jáde nínú àpótí rẹ̀, tí wọ́n gbé òdòdó oníke sínú àwo méjèèjì, tí wọ́n sì gbé e sórí tábìlì ọ̀gá. Òdòdó apá kan tóbi ju ti apá kejì lọ. Òṣùwọ̀n náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kà á.

Níbí yìí ni a ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé kí a tà wọ́n fún àwọn akójọ òkèèrè nígbà tí owó wà nínú wọn. Òwò náà lè dára fún ẹni tó ń tà. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí a lè tú, kí a sì rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣọ̀wọ́n báyìí. Ti òde òní, nọ́ńbà ló ń gbé jáde lójú dígí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ohun tó ń ti abẹ́rẹ́. Nínú àpótí pẹlẹbẹ ti Vidi, á fojú ara rẹ̀ rí i pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo.

Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá. Àwa olùkọ́ èdè máa ń tọ́ka sí ètò yẹn níbi àpérò bí irú èyí, a sì máa ń dúró síbẹ̀. Ojú bàrómítà fún wa ní iṣẹ́ tí a lè ṣe láìdúró de owó ìjọba. Kí olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ èdè jọ wọ stóò. Kí wọ́n mú irú èyí tí kò ní mákúrì, kí wọ́n yí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi wá sójú róbótó náà, kí wọ́n sì lẹ bébà funfun mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ojú rẹ̀, kí nọ́ńbà nìkan ṣẹ́ kù. Kí wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Bó bá dùn ún wò níbẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní aago 10 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, kí wọ́n sì kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kálukú ní èdè abínibí rẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà bá kún, kí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sórí bébà funfun yẹn. Àwọn ọmọ Hausa á mú hunturu wá, àwọn ọmọ Igbo á mú ụgụrụ wá, àwọn ọmọ Yorùbá á mú ọyẹ́ wá, orúkọ mẹ́ta fún afẹ́fẹ́ kan tí bàrómítà Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ rí. Nọ́ńbà wo ni wọn yóò kọ ọ́ sí? A gbà pé wọn kò ní í rí nọ́ńbà kan péré tó gbà á. Kí wọ́n jiyàn lé e lórí níwájú bàrómítà náà, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ wọn lọ́wọ́, títí agogo yóò fi lù.